Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ tá a máa fi wo Ìbàdàn

Ìyá Ire: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin, ọkọ ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn mẹ́ta ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ yẹn ò wọ Ìbàdàn rí, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ìlú tí wọ́n ti bí ìyá wọn dáadáa, kì í ṣe kí wọ́n kàn jẹ àmàlà kí wọ́n máa padà. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fẹ́ wọ̀ wá sí Mọ́níyà. Ṣé standard ti tó àbí kí wọ́n sanwó business? Ṣé kí wọ́n ti ra ti ìpadà lọ́jọ́ Sátidé kan náà? Tí wọ́n bá sì ti sọ̀kalẹ̀, ṣé ká máa wọ máíkírà (takisí kékeré) láti ibì kan dé ibì kan ni àbí kí n gba dírọ́ọ̀pù (ká dá ọkọ̀ gbà fún ara wa nìkan) títí ilẹ̀ á fi ṣú? Màámi náà máa tẹ̀lé wa, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Ibi tá a fẹ́ dé ni súù UI (ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn), Agodi Gardens, Cocoa House, Màpó àti Láyípo (ilé gogoro Bower's Tower).

Ẹ̀gbọ́n Sángo: Ìyá Ire, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ àlejò. Standard ti tó wọn. Àga mẹ́ta ló wà lápá kan, méjì lápá kejì, wọ́n sì kọjú síra, ìyá, bàbá àtọmọ á jọ máa sọ̀rọ̀ bọ̀, kò sídìí tí wọ́n á fi san owó business tó wọ́n jù ú lọ. Ti ọmọdé wà tó dín sí ti àgbà, kí wọ́n má lọ san ti àgbà fún gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ìpadà ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ rò. Ìrìn yẹn máa ń tó bíi wákàtí méjì àbọ̀, tí ọkọ̀ àárọ̀ bá fi máa dé Mọ́níyà ọjọ́ ti ń lọ, Mọ́níyà sì jìnnà sí àárín ìlú. Tí wọ́n bá ra ìpadà ọ̀sán Sátidé, súù nìkan ni wọ́n máa rí, ìyẹn náà á jẹ́ pé eré ni wọ́n ń sá. Ẹ ní kí wọ́n sùn, kí wọ́n ra ti ọ̀sán Sunday, kí wọ́n sì wo tàìmù ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Ọmọ Màpó: Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ tún wò ó, ẹ̀yin méje lẹ máa jẹ́, ẹ ò lè wọnú máíkírà kan. Sátidé, ẹ wọ máíkírà méjì láti Mọ́níyà sí Òjòó, kẹ́ ẹ tún wọ òmíì dé géètì UI, ọkọ̀ inú ọgbà á gbé yín dé súù, Màámi ò ní fẹsẹ̀ rìn púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá jáde, Bódìjà sí Sẹkitéríàtì sí Agodi Gardens, ojú ọ̀nà kan náà ni, ẹ ò nílò dírọ́ọ̀pù níbẹ̀ rárá. Ẹ kó owó kéékèèké dání o, ṣénjì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú máíkírà.

Màpó àti Láyípo ló le. Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wọ́n máa ń ṣe òde níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba á wá di sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Àárọ̀ Sunday ọ̀nà máa ń fúyẹ́. Láyípo wà lórí Òkè Àrẹ̀, 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ń yí po lọ sókè, kí Màámi má gùn ún o, kí wọ́n jókòó nísàlẹ̀, láti orí òkè yẹn náà èèyàn á rí òrùlé pupa pupa káàkiri. Mi ò mọ ibòmíì n'Ìbàdàn tó dáa tó ìyẹn láti fi han ọmọdé.

Adé Bódìjà: Kí ló dé tẹ́ ò fi Bolt ṣe gbogbo ẹ̀? Ẹ ti mọ iye tẹ́ ẹ máa san kẹ́ ẹ tó wọlé.

Bàbá Awakọ̀ Òjòó: Adé, èèyàn méje, Bolt méjì ni yẹn níbi gbogbo, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ìyá Ire, fún Sunday ẹ gba kòròpé (bọ́ọ̀sì kékeré) ní dírọ́ọ̀pù. Ẹ má sọ fún dẹ́rẹ́bà pé "gbé wa káàkiri", ẹ dárúkọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti iye wákàtí tó máa dúró dè yín, kẹ́ ẹ sì pa á pọ̀ mọ́ gbígbé àwọn àlejò padà sí Mọ́níyà. Ìdúró yẹn gan-an làwa awakọ̀ máa ń fowó lé tí wọn ò bá sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, Màpó, Òkè Àrẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀ wo Cocoa House, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, látìta lẹ máa wò ó. Láti ibẹ̀, Mọ́kọ́lá, Sángo, Òjòó, Mọ́níyà tààrà. Ẹ fi àyè wákàtí kan sílẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra.

Ìyá Ire: Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Mo ti pe àbúrò mi, standard ni wọ́n ń rà, ìpadà di ọ̀sán Sunday, ọkọ ẹ̀ ń ṣàròyé iṣẹ́ Monday ṣùgbọ́n ó ti gbà. Máíkírà lọ́jọ́ Sátidé, kòròpé lọ́jọ́ Sunday. Bàbá Awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá mọ dẹ́rẹ́bà tó lè ṣiṣẹ́ àárọ̀ Sunday, ẹ wá sí inbox mi ká dúnàá dúrà.