Ààrò jẹ́ ti ẹgbẹ́ obìnrin, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ mi, ó sì ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ṣe é nítòsí èbúté ní Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àjọ kan tí ó ń fi owó òkè òkun ṣiṣẹ́ kọ́ ààrò oníbíríkì mẹ́rin fún ẹgbẹ́ wa, àwa obìnrin 18. N kò ní purọ́, ààrò náà dára ju àgbá tí a gé sí méjì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Férémù onígi tí wọ́n ta àwọ̀n wáyà sí ni a ń tò lé ara wọn; ẹja ìsàlẹ̀ kì í jóná kí ti òkè ṣì rọ̀, igi tí à ń kó síná dín kù, ojú wa sì sinmi èéfín.

Ilẹ̀ ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ọkọ ọ̀kan nínú wa ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹnu ni ọkọ rẹ̀ fi yọ̀ǹda rẹ̀, kò sí ìwé. Nígbà tí ó papòdà ní ọdún tí ó kọjá, àwọn àbúrò rẹ̀ fi àgádágodo ti géètì, wọ́n ní ohun tí ó bá wà lórí ilẹ̀ àwọn, ti àwọn ni. A kọ̀wé sí àjọ náà. Èsì wọn ni pé iṣẹ́ náà ti parí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé obìnrin 18 ni ó jàǹfààní rẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí: àwọn àdéhùn ẹ̀tọ́ obìnrin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lágbàáyé, ṣé ọwọ́ wọn lè tó géètì yìí?

Amòfin Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá wa. Ọwọ́ wọn kò tó o tààrà. Àdéhùn tí wọ́n ń pè ní CEDAW, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1979, ni Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 1985, abala 14 rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ nípa obìnrin ìgbèríko, ó dárúkọ owó yíyá, ọjà títà àti ilẹ̀. Àdéhùn Maputo ti 2003, tí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ṣe láàrin ara wọn, tilẹ̀ sọ ní abala 21 pé opó ní ẹ̀tọ́ sí ìpín tí ó tọ́ nínú ogún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 12 Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní agbára òfin àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin, wọn kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àṣà, nítorí àwọn àbúrò ọkọ yẹn ń fi àṣà bojú ni. Lóòótọ́, àṣà Yorùbá kò fún opó ní ìpín nínú ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, èyí kò sì dára lójú tèmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin, yálà ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ní ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye orí àwọn ọmọ. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí a bẹ̀rẹ̀ ní Èkó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní London ní 1962, ìdí-igi ni wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, bí olóògbé bá bímọ, àwọn àbúrò rẹ̀ kò lè dá nìkan ti géètì mọ́ ọmọ tí ó ní ẹ̀tọ́ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bi arábìnrin náà bóyá wọ́n ṣe ìgbéyàwó kóòtù pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ṣe é, òfin fún un ní ìpín nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ dá ní fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ kan ilẹ̀ ẹbí.

Ará Àgbádárìgì

Mo ti bá irú àjọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, ẹ̀gbọ́n mi, ojú sì ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Irú ààrò yín kì í ṣe tuntun: àdúgbò Chorkor ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, ni ó ti gba orúkọ rẹ̀, FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà lára àwọn tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́ láti gbé e jáde láti nǹkan bí 1969, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ń yan ẹja níbẹ̀. Nígbà ìpàdé àgbáyé lórí obìnrin ní Mexico ní 1975, ohun tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí a mú obìnrin wọ inú iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Nígbà tí ó fi di ti Beijing ní 1995, ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí ó ń pàṣẹ àti ẹni tí ó ni ohun ìní. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù tí èmi fọwọ́ ara mi kún béèrè iye obìnrin tí ó jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti iye ààrò tí a kọ́. Kò sí ibi tí ó ti béèrè ta ni ó ni ilẹ̀. Bí ẹ bá tún rí olùrànlọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwé ilẹ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ ẹbí tí ó yẹ fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ gbogbo rẹ̀ di ìjà ọkùnrin àti obìnrin. Àna mi kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ ẹbí wa, ọkùnrin ni, ohun kan náà ni ojú rẹ̀ rí. Ẹ lọ bá olórí ẹbí.

Amòfin Ìkòròdú

Bàbá, mo gbà pé kí wọ́n lọ bá olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n àna yín ní ilẹ̀ bàbá tirẹ̀ tí ó lè padà sí. Opó tí ó fi 20 ọdún bá ọkọ rẹ̀ tún ibì kan ṣe, níbo ni kí ó padà sí?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti bi opó náà léèrè. Kò sí ìgbéyàwó kóòtù. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí, àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ó sì ti tó ẹni tí ó lè dúró sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí bàbá rẹ̀. Òun ni yóò ṣíwájú wa lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí ní Sátidé, pẹ̀lú Ìyálọ́jà, a ó sì mú rísíìtì bíríkì àti ti sìmẹ́ńtì dání. Ní báyìí ná, a ti padà sídìí àgbá.