Ṣáàfùtù ọkọ̀ ojú omi mi ń gbọ̀n: kí ni kí n kọ́kọ́ tú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Inú ọkọ̀ mi ni ẹ́ńjìnnì onídíísù rẹ̀ wà, ṣáàfùtù, ìyẹn ọ̀pá irin gígùn, ló ń yí propeller tó ń ti ọkọ̀ lọ nísàlẹ̀. Tí mo bá rọra ń lọ, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ju ìgbà 1,800 lọ ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tí mo bá yọ jíà kúrò, tí mo sì tẹ iná fún ẹ́ńjìnnì nìkan, jẹ́ẹ́ ló máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fura sí i.

Mo ti gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀. Ewé propeller kò tẹ̀, ó kéré tán lójú tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ṣáàfùtù mú tí mo mì í sókè sódò, ó ń jó nínú bíárìn onírọ́bà tó gbé e dúró. Omi tó ń kán níbi tí ṣáàfùtù ti wọnú ọkọ̀ náà sì ti pọ̀ sí i. Mo fún nọ́ọ̀tì ibẹ̀ títí, kò gbọ́.

Ṣé bíárìn ló kọ́kọ́ jẹ ni, àbí ẹ́ńjìnnì àti ṣáàfùtù ni kò tò gún mọ́, tí wọ́n wá ba bíárìn jẹ́? Mo mọ̀ pé inú omi ló yẹ kí n ti wọn àlàfo kọ́púlìn, ìyẹn irin tó so ṣáàfùtù mọ́ ẹ́ńjìnnì, torí ara ọkọ̀ máa ń yí díẹ̀ tó bá wà lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo ni àlàfo tiyín ṣe tó? Ṣé mo sì lè yọ bíárìn láìfa ṣáàfùtù jáde? Kọ́púlìn yẹn ti dípẹtà gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fi òòlù lù ú.