Ìkọjá 14 lóòjọ́, síbẹ̀ àlàfo wákàtí mẹ́wàá: ṣé GMAT ló ṣì í ni?

ÒjòKétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Sátẹ́láìtì 3U mẹ́fà (kékeré, oníkúùbù mẹ́ta) ni mo ń dán wò nínú GMAT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ipa sátẹ́láìtì. Wọn á máa gba ìròyìn lára ẹ̀rọ ìwọn òjò tó wà lóko ní Kétu àti Ṣábẹ, wọn á sì sọ ọ́ sí áńtẹ́nà kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Gíga 500 km, ìdagẹ̀rẹ̀ ipa sí agbedeméjì ayé 97.4°, gbogbo wọn tò lójú ipa kan, 60° síra wọn. Áńtẹ́nà kì í wo ohun tí kò bá ga tó 10° lókè ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Ìkọjá 14 (ìgbà tí áńtẹ́nà rí sátẹ́láìtì kan) ni mo rí lóòjọ́, àmọ́ àlàfo tó gùn jù lé ní wákàtí mẹ́wàá. Níbo ni mo ti ṣì í?

Àjàṣẹ́Lókè: Ẹ ò ṣì í. Ipa kan ṣoṣo lẹ ní, ayé ló ń yí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Àjàṣẹ́ ń gba abẹ́ ipa yẹn kọjá lóòjọ́, ká ní aago mẹ́wàá àbọ̀ àárọ̀ àti mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á rọ́ kọjá láàárín wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 16 síra wọn, bí èrò tó sọ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Ó tún di alẹ́. Bí ẹ fi 20 síbẹ̀, àlàfo yẹn á ṣì wà. Ẹ fi iye ìkọjá sílẹ̀, àlàfo ni kí ẹ máa wò.

Ẹ lè pín wọn sí ipa mẹ́ta, méjì-méjì, RAAN (ìhà tí ipa kọjú sí yí ayé ká) 0°, 60° àti 120°. Àlàfo á wálẹ̀ sí bí wákàtí mẹ́rin. Owó rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ńkọ́? Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ gbé méjì lọ sí 550 km kí ipa wọn lè yà fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju 0.025° lóòjọ́: ọdún mẹ́fà àbọ̀ kí ó tó pé 60°. 3U yín lè ti jóná bọ̀ wálẹ̀.

Ṣábẹ8N: Kí tiẹ̀ lẹ fẹ́ fi 97.4° ṣe? Ó ń mú kí sátẹ́láìtì máa kọjá ní aago kan náà lójoojúmọ́; ayàwòrán ló ń wá irú oòrùn tí kì í yí padà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ òjò ò wá a. Ẹ gbé e sí 6°. Kourou, ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì ní French Guiana, wà ní nǹkan bí 5° lápá àríwá, wọ́n lè jù ú síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á kọjá ní ìgbà 14, ẹ ó máa rí ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 17-17, tọ̀sántòru.

Àmọ́ nígbà tó bá wà ní gúúsù pátápátá, ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ ni Àjàṣẹ́ ń rí i, Kétu méjì àbọ̀. Àwa ní Ṣábẹ lè má rí i rárá. Ìgbésẹ̀ ìṣírò 60 s lè gbé ìkọjá tí kò tó ìṣẹ́jú kan mì, ẹ lo 5 s. Ẹ tan J2 náà (bí ikùn ayé tó yọ ní agbedeméjì ṣe ń fa ipa sátẹ́láìtì yí): láìsí i, ìkọjá 97.4° yín á máa fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹ̀ lójoojúmọ́. UTC (aago àgbáyé) sì ni GMAT ń kà, ẹ fi wákàtí kan kún un.

Àjàṣẹ́Lókè: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bátìrì ló máa san gbèsè 6° yẹn. Ìṣẹ́jú 35 ló ń lò nínú òjìji ayé ní gbogbo yíyí, bí ìgbà 5,500 lọ́dún. Bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá ń jẹ 5 W, 3 Wh lọ nìyẹn kí rédíò tó sọ̀rọ̀. Bátìrì 10 Wh á tètè gbó. Ẹ fi 20 Wh dán an wò, kí rédíò sì máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn.