Ṣé Kí N Fi Bẹ́líìtì Eré-Ìje Sínú Ọkọ̀ Tí Mò Ń Wà Lójú Títì?

Oníjòókòó Méjì:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ní ọkọ̀ asáré oníjòókòó méjì kan tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí mo sì tún máa ń gbé lọ sí pápá ìje nígbà tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Bí mo bá ń fi eré ya kọ́nà ní pápá, ara mi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí n ó sì máa rọ̀ mọ́ sítíárìn dípò kí n máa fi í darí ọkọ̀. Mo wá ń ronú láti yọ bẹ́líìtì iléeṣẹ́ kúrò, kí n fi bẹ́líìtì eré-ìje olójú mẹ́rin, èyí tí a so mọ́ ọkọ̀ ní ibi mẹ́rin, rọ́pò rẹ̀. Ẹnìkan sọ fún mi pé a lè so okùn èjìká méjèèjì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn àga. Ṣé bẹ́líìtì tó deni pinpin bẹ́ẹ̀ kò ní dáàbò bò mí ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ? Ṣé mo sì lè lò ó pẹ̀lú àga tó bá ọkọ̀ wá?

Ọ̀gá Onírin:
Àbúrò mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àgò irin, ìyẹn àwọn ọ̀pá irin tó ń gbé òrùlé dúró yí awakọ̀ ká, sínú ọkọ̀ ìje, ohun tí wọ́n sì sọ fún ọ nípa ilẹ̀ ọkọ̀ ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, iwájú ni ara awakọ̀ ń lọ. Bí okùn èjìká bá ti orí èjìká sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀, bí ara ṣe ń lọ síwájú ni okùn náà yóò máa fa èjìká wálẹ̀, agbára ìkọlù yóò sì máa tẹ àwọn eegun ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ ara wọn láti òkè. Ìdí nìyí tí FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré-ìje ọkọ̀ lágbàáyé, fi sọ pé ẹ̀yìn ni okùn èjìká gbọ́dọ̀ lọ, kí ó má sì dagun sísàlẹ̀ ju ìwọ̀n dígírì 45 lọ, bẹ́ẹ̀ dígírì 10 tàbí kí ó dín ni wọ́n dámọ̀ràn. Kò sí bí o ṣe lè rí èyí ṣe láìsí ọ̀pá irin tó nà láti ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ dé ìkejì lẹ́yìn àga, ní ìwọ̀n gíga èjìká, tí a fi bóòtù tó nípọn dè mọ́ ibi tó lágbára lára ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ páànù lásán.

Ojú mẹ́rin tí o dárúkọ náà ní wàhálà tirẹ̀. Orí eegun ìbàdí ni okùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí, kò gbọdọ̀ gun ikùn. Ṣùgbọ́n okùn èjìká méjèèjì so mọ́ ìdè àárín, wọn yóò sì fà á sókè nígbà ìkọlù. Okùn ìsàlẹ̀ yóò gun orí ikùn, ara yóò yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ síwájú, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni yóò sì fara gbọgbẹ́. Okùn tó ń gba àárín itan kọjá, ẹyọ kan nínú olójú márùn-ún, méjì nínú olójú mẹ́fà, ni kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ Schroth ní Jámánì ṣe olójú mẹ́rin kan tí okùn èjìká kan rẹ̀ máa ń gùn sí i díẹ̀ nígbà ìkọlù, kí ara lè yí díẹ̀ dípò kí ó yọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olójú mẹ́rin tó wà lọ́jà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọrùn kún un. Bẹ́líìtì olójú mẹ́ta, irú èyí tí Nils Bohlin ṣe fún Volvo ní ọdún 1959, máa ń jẹ́ kí àyà lọ síwájú díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ fà á le ní kété tí ìkọlù bá bẹ̀rẹ̀, òmíràn á wá máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, eábáàgì á sì gba orí àti àyà pọ̀. Bẹ́líìtì eré-ìje ń de àyà mọ́ àga, orí nìkan ló kù tí yóò fò síwájú, ọrùn ni yóò sì fa gbogbo rẹ̀ dúró. Fífọ́ ìsàlẹ̀ agbárí, tó sábà máa ń ti inú irú ìfàya bẹ́ẹ̀ wá, ló pa Dale Earnhardt, awakọ̀ ìje ará Amẹ́ríkà, ní pápá ìje Daytona ní oṣù Kejì ọdún 2001. Kí ọdún náà tó parí, NASCAR, àjọ tó ń ṣètò eré-ìje rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn awakọ̀ wọn láti máa lo ohun ìdáàbòbò orí àti ọrùn. HANS, tí Robert Hubbard àti Jim Downing ṣe, ni a mọ̀ jù nínú wọn, ara akoto ni a sì ń so ó mọ́. Ẹni tí kò bá dé akoto kò lè jàǹfààní rẹ̀, mi ò sì rò pé ẹ fẹ́ máa dé akoto lọ síbi iṣẹ́.

Awakọ̀ Àárọ̀:
Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì sọ. Bí ẹ bá fa bẹ́líìtì yẹn le bó ṣe yẹ, ẹ kò ní lè tẹ̀ síwájú wo oríta kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ kò sì ní lè yíjú wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ kí ara lè tù yín, bí mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣe, ààbò tí ẹ torí rẹ̀ rà á ti lọ nìyẹn.

Ní ti àga, ọ̀pọ̀ àga iléeṣẹ́ kò ní ihò tí okùn èjìká yóò gbà kọjá, nítorí náà okùn yóò máa yọ̀ kúrò lórí èjìká. Bí ẹ bá pààrọ̀ àga, ẹ lè pàdánù eábáàgì ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, ẹni tí a dè dúró ṣánṣán kò lè tẹ̀ bí òrùlé bá ń wó bọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn eléré-ìje fi ń fi àgò irin sí i. Bẹ́ẹ̀, irin kan náà lè fọ́ orí tí kò dé akoto, ìbáà jẹ́ nínú ìkọlù kékeré.

Akọ̀wé:
Ẹ má gbàgbé òfin. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bẹ́líìtì ojú títì gbọ́dọ̀ ní àmì E nínú òbìrípo, èyí tó fi hàn pé ó bá Ìlànà 16 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mu. Àmì FIA 8853 ti eré-ìje kò lè rọ́pò rẹ̀, ó sì ní ọdún tí yóò parí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò yín pẹ̀lú, kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kankan.

Oníjòókòó Méjì:
Ẹ ṣeun gan-an ni. N kò ní yọ bẹ́líìtì iléeṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo lè ṣe sí yíyẹ̀ tí ara mi ń yẹ̀ ní kọ́nà?

Ọ̀gá Onírin:
Inú mi dùn sí ìpinnu rẹ. Ní pápá, ti àga sẹ́yìn díẹ̀, de bẹ́líìtì, fà á lójijì kí ó lè há, kí o wá fa àga padà síwájú sí ibi tí o ti ń wakọ̀. Ìbàdí rẹ yóò dúró pinpin. Tú u kí o tó padà sójú títì. Bí èyí kò bá tó, wá àga tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá ìbàdí àti ìhà mú, tó ṣì ń jẹ́ kí bẹ́líìtì iléeṣẹ́ jókòó dáadáa sórí eegun ìbàdí. Ọjọ́ tí o bá sì fẹ́ bẹ́líìtì olójú mẹ́fà fún pápá nìkan, àga tó ní ihò, ọ̀pá irin, akoto àti HANS ni kí o rà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìwọ àti fún ẹni tó bá jókòó ti ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ pápá kì í gbà kí olùkọ́ wọ ọkọ̀ tí ààbò tirẹ̀ kò bá tó ti awakọ̀.