Ẹ sọ tiyín: ohun tí ojú yín rí lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, lórí òkè àti lọ́nà oko

Ọmọ Ìpetu: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi. Láyé ìgbà kan, bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ lọ́nà oko ní Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì, àgbẹ̀ ló ni ín. Ní báyìí, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, mo máa ń pàdé àwọn tí n kò mọ̀ rí lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà, akoto lórí, omi lẹ́yìn. Inú mi ń dùn sí i gidi gan-an. Kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: ibi tó le, ibi tó dùn, ẹni tí ẹ bá pàdé. N kò bèèrè iye tẹ́ ẹ ra kẹ̀kẹ́ o.

Jagun Táyà: Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀. Ìwàràjà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àárọ̀ la gùn ún, gíà tó fúyẹ́ jù lọ la fi ń wa ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀mí là ń mí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí à ń bọ̀ ni ìtàn wà. Ọ̀kan nínú wa di bíréèkì mú láti òkè, kò tú u sílẹ̀ rárá. Bíréèkì tirẹ̀, èyí tí rọ́bà máa ń há rímù mọ́ ni. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà fi gbòde, la bá gbọ́ “gbòlà!” Ooru rímù ti bẹ́ túùbù táyà iwájú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sáré, koríko etí ọ̀nà ló gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń sọ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀, ẹ fún bíréèkì, ẹ tú u, ẹ tún un fún, kí rímù lè tutù. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ jọ lò. Kẹ́ ẹ sì gbé ìdí sẹ́yìn.

Kò Sí Wàhálà: Ẹ̀fọ̀n tí mo mọ̀ yìí náà? Mọ́tò mi gan-an máa ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀!

Dísìkì Ló Dáa: Ẹ ò rí i? Ìdí tí mo fi ń pariwo bíréèkì dísìkì nìyẹn, èyí tó ń há irin pẹlẹbẹ àárín táyà mọ́, kì í ṣe rímù. Dísìkì kì í gbóná mọ́ túùbù.

Ìtàn Kì Í Tán: Ọ̀rọ̀ ooru bíréèkì ti wà látìgbà tí eré gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Marin, ní Califọ́níà, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó wúwo ni wọ́n ń gùn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bíréèkì ẹ̀yìn tí wọ́n ń fi pẹ́dàlì tẹ̀ nìkan ló ní. Ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje lórí òkè kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ìsàlẹ̀, gírísì inú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà, á ti jóná, wọ́n á ní láti tú u, kí wọ́n fi tuntun sí i. Ogún ọdún péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1996, eré náà dé Òlíńpíìkì ní Atlanta.

Jagun Táyà: Ṣé ẹ gbọ́? Kì í ṣe Ẹ̀fọ̀n ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Àǹtí Oníkòkó: Èmi kì í gun òkè tó ga tó yẹn. Ọ̀nà oko kòkó lápá Ìdànrè ni mo máa ń gbà. Ewé kòkó gbígbẹ máa ń bo ilẹ̀, kùkùté á sì wà lábẹ́ rẹ̀ tójú ò ní rí, torí náà mo máa ń rọra. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, baba kan dìde níbi tí wọ́n ń sá kòkó sí, àdá lọ́wọ́ wọn: “Dúró ńbẹ̀!” Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Wọn ò dáhùn. Wọ́n ní ta ló rán mi wá. Wọ́n ní àwọn ọmọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n tẹ ọmọ kòkó tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn mọ́lẹ̀, wọn ò sì kí èèyàn. Mo bá àwọn tí n kò mọ̀ bẹ̀bẹ̀.

Ìgbà tí ara wọn rọlẹ̀, wọ́n yẹ kẹ̀kẹ́ mi wò, wọ́n fọwọ́ tẹ táyà, wọ́n ní kí ló dé tí n kò fún un ní atẹ́gùn tó pọ̀. Mo ṣàlàyé pé bó bá dẹ̀ díẹ̀, ó máa ń gbá àpáta àti gbòǹgbò mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ Raleigh ni àwọn fi ń gbé àpò kòkó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á láyé ọjọ́un, ọ̀nà yìí gan-an, kò sí gíà, bó bá dórí òkè, a máa tì í ni. Wọ́n wá fi ọ̀nà kan hàn mí tó yí oko náà ká, ó sì dùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà yẹn ni mo ṣì ń gbà. Mo máa ń yà kí wọn.

Ọmọ Ìpetu: Irú èyí gan-an ni mo ń wá! Ẹ ṣeun, àǹtí mi.

Aríwá Ilé: Baba mi náà ní Raleigh. Kárià ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé èmi àti iṣu wálé.

Ọ̀nà Gbogbo Ayé: Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ ò ní olówó. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí ẹ dúró? Bí èèyàn ṣe lè fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ náà la ṣe lè gun kẹ̀kẹ́.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ṣé o ti gbin kòkó rí? Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kó tó so. Táyà rẹ á sì tẹ̀ ẹ́ pa ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀nà Gbogbo Ayé: N kò ní ká tẹ kòkó. Ọ̀nà ni mo wí.

Ọmọ Àgbẹ̀: Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ náà, ọ̀nà ni wọ́n ní àwọn ń gbà. Bí òjò bá rọ̀, tí ojú ọ̀nà di ẹrẹ̀, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á yà sínú oko. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ṣe ń fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù: Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin ti pààlà sí ọ̀rọ̀ yìí. Surrey Hills ni mo ti ń gun tèmi. Ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, òfin 1968 ti fún wa láyè, ṣùgbọ́n bí a bá pàdé ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ẹlẹ́ṣin, àwa la gbọ́dọ̀ yà fún wọn. Bí mo bá rí ẹṣin lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń dúró, mo máa ń bá ẹni tó gùn ún sọ̀rọ̀ kí ẹṣin má baà ta.

Ọ̀nà Gbogbo Ayé: Òfin àwọn òyìnbó ò kàn wá ní Ìdànrè.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ṣé kíkí èèyàn náà ò kàn wá?

Kò Sí Wàhálà: 🔥🔥 Wọ́n ti mú un!

Ọ̀nà Gbogbo Ayé: Ó dáa, mo gbà pé ká kí wọn. N kò sọ pé ká má kí.

Yànyán: Ẹ ò tíì pàdé werépè, ìdí tẹ́ ẹ fi ń jà nìyẹn.

Àǹtí Oníkòkó: Háà, werépè! Níbo?

Yànyán: Lẹ́yìn Adó-Àwáyè, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tó ti gbẹ tí atẹ́gùn ń gbọ̀n ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi fi apá gbá a kọjá. Ó bọ́ ẹ̀wù lójú ọ̀nà. Àwọn ìyá tó ń bọ̀ lọ́jà ló ní kó má fọwọ́ họ ọ́ rárá. Látọjọ́ náà, ẹ̀wù alápá gígùn ló ń wọ̀.

Agbékẹ̀kẹ́ Rù: Ìdànrè ni tèmi. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká gun àtẹ̀gùn yẹn dé ìlú àtijọ́ lókè.

Ìtàn Kì Í Tán: Mo ń ṣiyèméjì o. Gbogbo àtẹ̀gùn yẹn? Ta ló jẹ́ kí ẹ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà?

Agbékẹ̀kẹ́ Rù: Mo sanwó ìwọlé, mo sì bẹ̀ wọ́n.

Ìtàn Kì Í Tán: Ẹ ò gùn ún láàárín ìlú náà, àbí? Ààfin àtijọ́ wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ilé baba wọn ni.

Agbékẹ̀kẹ́ Rù: Mo tì í ni. Fọ́tò nìkan ni mo yà, mo sì tún gbé e sọ̀.

Dísìkì Ló Dáa: Èjìká yẹn ò wá dùn ẹ́ bí?

Àdùkẹ́ Onígíà: Ẹ jẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ padà díẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí mi ṣì ń sọ pé obìnrin ò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, pé ó máa ba ara jẹ́. Ẹ̀yin obìnrin, kí lẹ ń sọ fún wọn?

Àǹtí Oníkòkó: Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo sì ń gùn ún. Ẹ fi mí hàn wọ́n.

Ìtàn Kì Í Tán: Ẹ tún fi Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà wa, hàn wọ́n. Ó díje nínú eré kẹ̀kẹ́ ní Òlíńpíìkì Paris 2024. Kẹ̀kẹ́ tó fi sáré nínú pápá, Jámánì ló yá a.

Jagun Táyà: Ìyẹn dùn mí títí dòní. Orílẹ̀-èdè tó tó báyìí, kẹ̀kẹ́ àyálò! Rwanda tí kò tó wa rárá ló gbàlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì àgbáyé ní Kigali ní 2025.

Ọ̀nà Gbogbo Ayé: Ẹ má gbé ìjọba wá síbí o. A ò ní sùn.

Tuntun Ni Mí: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tókunbọ̀ ni àbí tuntun? Ṣé ẹ ò sì bẹ̀rù àwọn ajínigbé?

Ọmọ Ìpetu: Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, àbúrò. A kì í dá lọ. A máa ń kọ́kọ́ pe ẹnì kan tó ń gbé níbẹ̀, ká bi í bí ìlú ṣe rí. Bó bá ní ká má wá, a kì í lọ. A máa ń sọ ọ̀nà tá a máa gbà fáwọn ará ilé, a sì máa ń jáde kúrò nígbó kí oòrùn tó rẹlẹ̀.

Dísìkì Ló Dáa: Tókunbọ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ wò dáadáa, ìlà tó rí bí irun lè jẹ́ pé ó ti ń là. Ẹ tẹ ṣọ́kì iwájú: bí epo bá ń yọ, tàbí tí kò bá padà, ẹ fi sílẹ̀.

Yànyán: Kó ra oní-26, èyí tí ìwọ̀n táyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 26. Túùbù rẹ̀ ò ṣòroó rí. Oní-29, kó tó rí túùbù nílùú kékeré, ó di Ìbàdàn.

Dísìkì Ló Dáa: Irọ́ ni! Oní-29 máa ń gun orí òkúta jù ú lọ. Ó kàn máa gbé túùbù dání ni.

Yànyán: Méjì ni kó gbé o. Fọganáísà tó sún mọ́ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tí mo lọ bá, ó wo táyà mi, ó ní ti ọkọ̀ wo nìyí.

Tuntun Ni Mí: Ẹ ṣé gan-an. Ta ló ń lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní Sátidé tó ń bọ̀?

Àǹtí Oníkòkó: Èmi. Aago mẹ́fà àárọ̀. Gbé omi tó pọ̀ dání, kí o sì wọ ẹ̀wù alápá gígùn.