Ìtìpadà kì í ṣe ìgbájìká: lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ ráífù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹnì kan ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ ní Amẹ́ríkà. Ó dé orí tó sọ nípa ráífù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi pa àgbọ̀nrín láìjẹ́ pé ìbọn ń fọ́ ọ léjìká, ló bá béèrè pé kí ni ká máa pe bí ìbọn ṣe ń ti ẹni tó yìn ín. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé: ìfàsẹ́yìn, ìtàpá, àti ti ẹni tó ní kó kàn kọ "ìbọn fífúyẹ́" kó máa lọ. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lé jáde, torí òun ló máa ṣe òǹkàwé léṣe.

Bí ìwé bá ní "ìbọn fífúyẹ́", ìbọn tí kò wúwo ni òǹkàwé máa lọ rà. Ìbọn tí kò wúwo ló sì máa ń tini jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú kátíríìjì .243 Winchester kan (nọ́ńbà yẹn ni fífẹ̀ ọta rẹ̀ ní íǹṣì): ọta inú rẹ̀ jẹ́ 100 gíréènì (7,000 gíréènì ló wà nínú pọ́n-ùn kan), ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 41 gíréènì, ọta sì ń jáde lẹ́nu ìbọn ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 2,960 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èéfín gbígbóná tí ẹ̀tù dà tún yára ju ọta lọ; àwọn tó ń ṣírò máa ń ka eré rẹ̀ sí ìlọ́po 1.75 eré ọta. Bí méjèèjì ṣe ń lọ síwájú ni ìbọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ìwúwo ìbọn bá jẹ́ pọ́n-ùn 7.5, ohun tó ń padà bọ̀ jẹ́ nǹkan bíi fúùtù-pọ́n-ùn 11 (fúùtù-pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọn agbára). Tí ìbọn bá jẹ́ pọ́n-ùn 6, ó di 13.6. Pọ́n-ùn 8.5, ó wálẹ̀ sí 9.6. Ẹ̀tù kan náà, ọta kan náà; ìwúwo ìbọn nìkan ló yí padà. Ẹni tó gbé ráífù pọ́n-ùn mẹ́fà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nítorí pé ó fúyẹ́ ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún ohun tó máa bá a léjìká. Nítorí náà, "fífúyẹ́" kò gbọdọ̀ sún mọ́ ojú ìwé yẹn àfi níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwúwo ìbọn.

Ìfàsẹ́yìn ńkọ́? Ìbọn kì í fa ẹnikẹ́ni. Títì ló ń tini. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ náà ti níṣẹ́ tó ń ṣe: ìfàsẹ́yìn bá ọjà, ìfàsẹ́yìn bá aláìsàn. "Ráífù tí ìfàsẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀" dún bí ilé iṣẹ́ tó pàdánù owó díẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ìtàpá ló dùn jù lẹ́nu, mo gbà. Ẹṣin ń ta èèyàn nípàá, ìbọn náà ń ta èèyàn nípàá, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kan náà ní orí kan gbáko lórí òfin ọdẹ, ibẹ̀ ni "ìtàpá sí òfin" ti máa kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá ka "ìtàpá ìbọn" lójú ewé kejìlá tó wá ka "ìtàpá sí òfin ìbọn" lójú ewé kẹẹ̀ẹ́dógún á dúró ronú, kò sì yẹ kó dúró. Kí a fi sílẹ̀ fún ìsọ̀rọ̀ ẹnu.

Ohun tó tún ṣe ìtàpá ni pé ó kó nǹkan méjì pọ̀: ohun tí a lè wọ̀n, àti ohun tí èjìká gbọ́. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tí kò bá sì yà wọ́n á ra ìbọn tí kò yẹ ẹ́.

Fún èyí tí a lè wọ̀n, ọ̀rọ̀ mi ni ìtìpadà. Ó tọ́ka sí títì, ó tọ́ka sí ìpadàbọ̀, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. A lè tò ó sínú tébù. Lórí ìbọn pọ́n-ùn 7.5, pẹ̀lú ọta tí wọ́n sábà fi ń pa àgbọ̀nrín, .243 (tó jáde ní 1955) ní ìtìpadà 11, 6.5 Creedmoor ọlọ́ta 140 gíréènì, 14; 7mm-08 Remington (1980) ọlọ́ta 140, bíi 15; .308 Winchester (1952) ọlọ́ta 150, bíi 18; .30-06, àgbà tó ti wà láti 1906, tó bá gbé ọta 180 gíréènì, bíi 24. Ẹni tó bá wo tébù yìí á mọ̀ pé .30-06 tí bàbá ẹni máa fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì .243 lọ. Ẹni tí kò yìnbọn rí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tèmi ni pé kí ìwé náà pààlà sí 15.

Fún èyí tí èjìká gbọ́, mo dá ìgbájìká. Gbá ojú, ìgbájú. Gbá etí, ìgbátí. Gbá èjìká, ìgbájìká. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ìgbájú ìgbámú rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò nílò àlàyé. Ìtìpadà lè dúró sójú kan kí ìgbájìká le tàbí kó rọ̀, ìdí ìbọn ló sì máa ń fa èyí jù. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ká ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kí ẹ wá gbé ìdí ìbọn (tí kò sí kátíríìjì nínú rẹ̀) ti ibi tí apá ti ká. Oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kó kan ohun tí ìka ń fà. Ráífù tó wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní íǹṣì 13.5 sí 13.75 láàárín ibẹ̀ àti ìparí ìdí ìbọn; ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́langba ni íǹṣì 12.5 bá lára mu jù. Tó bá gùn jù, ìdí ìbọn ò ní jókòó sínú kòtò èjìká, orí iṣan apá ló máa bọ́ sí, ibẹ̀ ló sì máa dúdú. Tó bá kúrú jù, àtàǹpàkò á gbá imú, awò ìbọn (èyí tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú) á sì gé ìpéǹpéjú. Kí awò náà jìnnà sí ojú tó íǹṣì 3.5 sí 4. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rọ́bà tó nípọn ní ìdí ìbọn. Rọ́bà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń fi kún gígùn, nítorí náà kí ẹ gé igi kí ẹ tó so ó mọ́ ọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kẹta tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni olórí ìṣòro: kí ara ó ta gìrì kí ìbọn tó dún. Ìtagìrì ni mo pè é. Ojú á pa dé, ìka á já ohun tó ń fà gbà, ẹnu ìbọn á tẹrí ba, ọta á bá ikùn ẹran dípò àyà. Ẹni tó ń ṣe é kì í mọ̀, torí ariwo àti ìgbájìká ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mú un nìyí: kí ẹlòmíràn máa ki ìbọn fún un, kó máa fi kátíríìjì òfìfo tí kò ní ẹ̀tù bọ àárín àwọn tó ní, láìsọ. Nígbà tí ìka bá fà tí ìbọn kò dún, tí ẹnu ìbọn sì fò sísàlẹ̀, gbogbo yín á rí i. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kó padà sí .22 LR, kátíríìjì kékeré tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tini, fún ìgbà díẹ̀, kó fi ìdítí méjì dí etí, èyí tó ń wọ inú àti èyí tó ń bo etí, kó má sì yin ìbọn ńlá ju ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lọ́jọ́ kan.

Ẹ wò ó, búréèkì ẹnu ìbọn, ohun tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ìbọn, fi hàn pé a nílò ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń darí èéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ó dín ìtìpadà kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ariwo ráífù tó ti ju dẹ́síbẹ́lì 150 lọ tẹ́lẹ̀ tún máa le sí i létí ẹni tó yìn ín, ìtagìrì á sì pọ̀ sí i. Ẹ gbìyànjú láti fi ìtàpá nìkan kọ gbólóhùn yẹn.

*

Èsì sí ti òkè yìí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gba ìgbájìká tọwọ́tẹsẹ̀. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ bá yín fà.

Àkọ́kọ́, àgbọ̀nrín. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti fi í sínú Sáàmù 42, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa gbà á kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín igbó tiwa, títí ọjọ́ ikú ni ìwo rẹ̀ ń bẹ lórí rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka, ó ń wó lọ́dọọdún, òmíràn á tún hù, abo kì í sì í sábà ní in. Ìwé àṣẹ ọdẹ níbẹ̀ máa ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní ìwo, ẹni tó bá sì yin èyí tí àṣẹ rẹ̀ kò gbà á láàyè fún ti dáràn. Kí a pe ẹranko náà ní àgbọ̀nrín onírù-funfun, kí a sì pe ohun orí rẹ̀ ní ìwo ẹlẹ́ka. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gbàgbé àmì orí ẹ̀tù o. Láìsí àmì, ẹnì kan á kà á pé gíréènì 41 ẹtu ni wọ́n kì sínú kátíríìjì.

Ìkejì ló wúwo jù. Ẹ ò sọ ìsàlẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Tí a bá kọ "ìtìpadà kékeré", akẹ́kọ̀ọ́ á wá èyí tó kéré jù lọ, .223 ló sì máa bá bọ̀. Ní Virginia, òfin kò gba ráífù tí ojú rẹ̀ (fífẹ̀ ihò ẹnu rẹ̀) kò tó íǹṣì .23 fún àgbọ̀nrín. Colorado ní kó tó .24, kí ọta sì tó 70 gíréènì. Fún àwọn èèyàn wa ní England, òfin àgbọ̀nrín ti 1991 béèrè íǹṣì .240 àti agbára fúùtù-pọ́n-ùn 1,700 lẹ́nu ìbọn, àyàfi fún ẹ̀yà kéékèèké méjì. .243 yè é nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí agbára ọta 100 gíréènì tí ẹ mẹ́nu bà ju 1,900 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ta ọta 55 sí 58 gíréènì fún .243 yìí kan náà, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ó lè fọ́ sára ẹran kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ohun tó wà lára páálí, kó mú 90 sí 100. Nítorí náà, ìtìpadà ìwọ̀nba ni mo fọwọ́ sí. Ìwọ̀nba ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀. Kékeré kò ní ìsàlẹ̀.

*

Àbúrò, mo gbà. Ìwọ̀nba ló jẹ́. Ó yẹ kí n ti rí ti ìsàlẹ̀ yẹn, torí kátíríìjì tó kéré jù lè má ba èjìká jẹ́ kó sì jẹ́ kí ẹran tó fara gbọta sá wọgbó lọ kú síbi tí a kò ní rí i.

Fún ẹni tó ń túmọ̀: kí àkòrí jẹ́ "Ráífù onítìpadà ìwọ̀nba fún àgbọ̀nrín onírù-funfun". Nínú tébù, ìtìpadà ni kó kọ. Níbi tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ìdí ìbọn, rọ́bà àti ìjókòó, ìgbájìká. Lórí pápá ìdánrawò, ìtagìrì. Ní ti ìwo ẹlẹ́ka, mi ò ní jà, ṣùgbọ́n akọ ọlọ́dún kan lè ní ìwo tó nàró ṣánṣán láìyọ ẹ̀ka rárá, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ pàdé. "Ìwo awódọọdún" ńkọ́?