Orí kejì ìtàn mi há
Ọmọ Ṣágámù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan lórí Ojúde Ọba, ayẹyẹ ọdọọdún Ìjẹ̀bú-Òde; orí kejì ti há. Báwo lẹ̀yin àgbà ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìjẹ̀bú-Òde: Ọmọ mi, ìdájí ni mo máa ń kọ tèmi, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Bírò ni o; kọ̀ǹpútà dìgbà tó bá parí. Ojúde Ọba yẹn ti pọ̀ jù. Mú ẹnì kan ṣoṣo nínú regbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí: ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, ti pé, aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ ṣé, mà. Ṣé kí n fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú kọ ọ́?

Ìyá Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹnu ìyá àgbà inú ìtàn nìkan ni kó o fi sí. Kà á sókè. Bó bá ń dún bí ìwàásù, gé e.